Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìkànnì Tó Ní Orúkọ Púpọ̀ Àti Bí Ẹ̀rọ Ìṣàwárí Ṣe Ń Kọ Ọ́ Sílẹ̀

Ìfáárà

Ìlú olódi ni Sókótó láti ìgbà tí Muhammad Bello ti tẹ̀ ẹ́ dó ní ọdún 1809. Orúkọ àwọn ẹnubodè rẹ̀ ni a ṣì fi ń pe àdúgbò títí di òní: Kofar Kware, Kofar Rini, Kofar Marke, Kofar Taramniya. Lédè Haúsá, ẹnu ọ̀nà ni kofa. Kofar Kware sì ni ẹnubodè tó kọjú sí ìlú Kware lápá àríwá. Ẹni tó gba Kofar Kware wọlé àti ẹni tó gba Kofar Rini wọlé, ìlú kan náà ni wọ́n jọ wọ̀. Àwọn àgbà Yorùbá náà ti sọ ọ́ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ẹ jẹ́ ká rò ó pé wọ́n rán akọ̀wé kan, àlejò tí kò dé ìlú yìí rí, pé kó kọ gbogbo ilé tó wà ní Sókótó sínú ìwé. Ó gba Kofar Kware wọlé lọ́jọ́ Ajé, ó kọ ilé tó rí. Ó gba Kofar Rini wọlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún kọ ilé tó rí. Bí kò bá sí ẹni tó sọ fún un pé ìlú kan náà ni, ilé kan ṣoṣo lè wọ inú ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lábẹ́ orúkọ ẹnubodè méjì. Nígbà tí ẹnìkan bá wá bi í pé níbo ni ilé alágbẹ̀dẹ wà, èwo nínú méjèèjì ni yóò dárúkọ?

Ipò tí ẹ̀rọ ìṣàwárí bíi Google àti Bing ń bá ara wọn nìyẹn nígbà tí ìkànnì kan bá ní orúkọ méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣàlàyé bí àwọn ẹ̀rọ náà ṣe ń kọ irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ohun tí ilé ẹ̀kọ́ ń pàdánù bí wọ́n bá ṣì í kọ, àti ohun tí àwa olùkọ́ àwọn olùkọ́ lè ṣe sí i. Ọ̀rọ̀ wa kò ju èyí lọ: kí orúkọ pọ̀ kò burú, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ yan ọ̀kan. Bí kò bá yàn án, ẹ̀rọ yóò bá a yàn án.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́

Láàárín ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ kan ti di yunifásítì. Adeyemi College of Education ní Oǹdó ti di Adeyemi Federal University of Education. Alvan Ikoku ní Owerri ti ṣe bẹ́ẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Zaria àti ti Kano náà ti ṣe bẹ́ẹ̀. Níhìn-ín ní Sókótó, Shehu Shagari College of Education ti di yunifásítì ẹ̀kọ́.

Bí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ bá yí padà, àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń yí padà tẹ̀ lé e. Aceondo.edu.ng ni a mọ̀ mọ́ Adeyemi nígbà tó jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, afued.edu.ng ló bá orúkọ tuntun wá. Ṣùgbọ́n àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kì í kú lọ́jọ́ kan. Ó wà nínú ìtọ́kasí iṣẹ́ ìwádìí tí a ti tẹ̀ jáde, ó wà nínú lẹ́tà, ó wà nínú fóònù àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde, ó sì wà lórí àwọn ìkànnì mìíràn tó tọ́ka sí wa. Bí a bá pa á tì, gbogbo àwọn tó ń tọ ọ̀nà wọ̀nyẹn bọ̀ yóò já sínú igbó.

Ìyípadà orúkọ nìkan kọ́ ló ń sọ orúkọ di púpọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ mìíràn á gba .edu.ng, á sì tún ra .com, .org àti .com.ng kí ẹlẹ́tàn má baà rà wọ́n. Ìgbésẹ̀ ọlọgbọ́n ni. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá so gbogbo wọn mọ́ ìkànnì kan náà láìsọ fún ẹnikẹ́ni èyí tó jẹ́ ojúlówó.

Bí orúkọ púpọ̀ ṣe ń ṣí ojú ewé kan

Nọ́ńbà ni àwọn kọ̀ǹpútà fi ń wá ara wọn kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Dómáìnì, ìyẹn orúkọ bíi unilag.edu.ng, wà nítorí ọmọ ènìyàn tí kò lè há nọ́ńbà sórí. Ètò tí à ń pè ní DNS ló ń túmọ̀ orúkọ náà sí nọ́ńbà kọ̀ǹpútà tí ìkànnì wà lórí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà yìí ni à ń pè ní sáfà. Bí a ṣe lè fi nọ́ńbà ẹnìkan ṣoṣo pamọ́ sínú fóònù lẹ́ẹ̀mẹta, ká pè é ní Ìyá Àdùkẹ́ níbì kan, Alájà níbòmíràn, Ìyá Aláṣọ níbì kẹta, bẹ́ẹ̀ ni dómáìnì mẹ́ta lè tọ́ka sí sáfà kan.

Ọdún 1995 ni Nàìjíríà kọ́kọ́ ní .ng gẹ́gẹ́ bí àmì tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. NiRA, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2005, ló ń bójú tó o. Lábẹ́ rẹ̀, .edu.ng wà fún ilé ẹ̀kọ́ gíga, .sch.ng wà fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama, .gov.ng sì wà fún ìjọba. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè gba .edu.ng. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá lówó lọ́wọ́ lè ra .com tàbí .com.ng. A ó padà sórí ìyàtọ̀ yìí níwájú.

Nígbà tí a bá tẹ àdírẹ́ẹ̀sì kan, bùráúsà a máa sọ fún sáfà orúkọ tí a fi pè é. Bí ẹni tó ń tọ́jú sáfà kò bá ti pàṣẹ ohun tó yẹ kí ó ṣe sí orúkọ kọ̀ọ̀kan, ojú ewé kan náà ni yóò máa gbé jáde fún gbogbo wọn. Kò tán síbẹ̀. Dómáìnì kan lè ní www níwájú, ó sì lè má ní. Ó lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú http, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https. Lójú ẹ̀rọ, àdírẹ́ẹ̀sì mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan bá wá ní dómáìnì mẹ́ta, ojú ewé kan ti ní àdírẹ́ẹ̀sì 12. Bí ìkànnì náà bá ní ojú ewé 500, àdírẹ́ẹ̀sì 6,000 ló wà níta fún iṣẹ́ tí kò ju 500 lọ.

Ohun tí ẹ̀rọ ìṣàwárí ń ṣe

Iṣẹ́ mẹ́ta ni ẹ̀rọ ìṣàwárí ń ṣe: ó ń rìn kiri, ó ń kọ sílẹ̀, ó sì ń dáhùn ìbéèrè. Èyí tó ń rìn kiri jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ líǹkì láti ojú ewé kan dé òmíràn. Googlebot ni ti Google ń jẹ́. Ohun tó bá kà ni wọ́n ń tò sínú ìwé atọ́ka ńlá kan. Nígbà tí a bá wá nǹkan lórí Google, inú ìwé atọ́ka yìí ni ìdáhùn ti ń wá. Ẹ̀rọ kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré yí ayé ká nígbà tí a bá béèrè. Ojú ewé tí kò bá sí nínú ìwé atọ́ka kò sí lójú ẹni tó ń wá a, bó ti wù kó dára tó.

Kí ìwé atọ́ka má baà kún fún ohun kan náà, ẹ̀rọ a máa yẹ ọ̀rọ̀ inú ojú ewé kọ̀ọ̀kan wò, a sì ṣe nǹkan tó dà bí ìtẹ̀ka fún un. Ojú ewé tí ìtẹ̀ka wọn bá dọ́gba, tàbí tó sún mọ́ra gidigidi, ni yóò kó jọ sí agbo kan. Láti inú agbo náà ni yóò ti yan ọ̀kan ṣoṣo, tí yóò máa fi han àwọn ènìyàn. Canonical ni àwọn onímọ̀ ń pe èyí tí a yàn. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó pè é ní olórí agbo. Bí agbo-ilé kan nílùú Ìbàdàn ṣe ní mọ́gàjí kan tó ń sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo ilé ni ọ̀rọ̀ náà rí. Àwọn yòókù kò parẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà jáde sí gbangba.

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń mọ ẹni tí yóò fi jẹ olórí? Ó ń wo àwọn àmì tí onílé fi sílẹ̀. Àwọn àmì tó lágbára jù ni ìdarí láti àdírẹ́ẹ̀sì kan sí òmíràn, àti ìlà canonical tí a kọ sínú ojú ewé. Ó tún ń wo orúkọ tí àwọn líǹkì inú ìkànnì ń lò, orúkọ tó wà nínú sitemap, ìyẹn ìwé tí ìkànnì fi ń to ojú ewé rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, bẹ́ẹ̀ sì ni ó fẹ́ràn https ju http lọ. Bí gbogbo àmì bá fẹnu kò sí orúkọ kan, kò sí ìjà. Bí ọ̀kan bá ń tọ́ka sí ìlà oòrùn tí èkejì ń tọ́ka sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ̀rọ yóò lo òye tirẹ̀, ohun tó bá sì yàn lè má jẹ́ ohun tí a fẹ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Google ń fìyà jẹ ìkànnì tó bá ní ẹ̀dà ojú ewé kan náà. Google fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé láti ọdún 2008 pé kò sí irú ìyà bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀dà tí kò ní ẹ̀tàn nínú. Nítorí náà, a kò kọ iṣẹ́ yìí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Kò sí ìyà, ṣùgbọ́n àdánù wà.

Ohun tí à ń pàdánù

Àdánù kìn-ín-ní ni ẹ̀rí. Ní ọdún 1998, Sergey Brin àti Larry Page, tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ètò PageRank tí wọ́n fi dá Google sílẹ̀. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni pé líǹkì láti ìkànnì ẹlòmíràn dà bí ẹ̀rí tó ń jẹ́ nípa wa. Bí ìkànnì mẹ́wàá bá tọ́ka sí àpilẹ̀kọ kan, tí mẹ́rin lo orúkọ àkọ́kọ́, tí mẹ́ta lo ìkejì, tí mẹ́ta sì lo ìkẹta, ẹ̀rí náà ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ àyàfi tí ẹ̀rọ bá mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Àdánù kejì ni àsìkò. Ẹ̀rọ arìnkiri kì í fi gbogbo ọjọ́ bẹ ìkànnì kan wò, bí sáfà bá sì lọ́ra, a máa dín ìbẹ̀wò rẹ̀ kù kó má baà ni ín lára. Ìbẹ̀wò tó fi ń ka ojú ewé kan ní ìgbà 12, lára ohun tí ì bá fi ka àpilẹ̀kọ tuntun ni.

Àdánù kẹta kan èdè wa tààrà. Bí ẹ̀dà ojú ewé Gẹ̀ẹ́sì kan bá ṣòro láti rí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òmíràn wà lórí kókó kan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún Yorùbá. Àpilẹ̀kọ kan lórí bí a ṣe ń kọ́ni ní ìṣirò lédè Yorùbá lè wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó má ní èkejì. Bí ìyẹn bá sọnù láàárín orúkọ mẹ́ta, olùkọ́ tó ń wá a yóò gbà pé kò sí ẹni tó kọ ọ́ rí.

Àdánù kẹrin ló wúwo jù lójú wa: ìgbẹ́kẹ̀lé. Ẹ jẹ́ ká ro ti ọ̀dọ́bìnrin kan tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan lágbègbè Kofar Kware, tó ń wá ibi tí yóò ti san owó ìforúkọsílẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bí ilé ẹ̀kọ́ náà bá ń jáde lónìí gẹ́gẹ́ bí .edu.ng, lọ́la gẹ́gẹ́ bí .com, lọ́túnla gẹ́gẹ́ bí .com.ng, ó ti kọ́ ọmọ yẹn pé orúkọ yòówù kó jẹ́, kò sí láburú. Lọ́jọ́ tí gbájú-ẹ̀ bá ra ìkẹrin, tó sì da àwòrán àmì ilé ẹ̀kọ́ kọ síbẹ̀, kí ni yóò mú un fura? Ilé ẹ̀kọ́ tó ń lo orúkọ kan ṣoṣo, tó sì jẹ́ .edu.ng tí gbájú-ẹ̀ kò lè rà ní ọjà, ti fún un ní ohun tí yóò fi dá òtítọ́ mọ̀.

Àwọn tó ti rìn ín

Ilé ẹ̀kọ́ méjì nílẹ̀ Yorùbá fi hàn wá pé àdírẹ́ẹ̀sì kò gbọ́dọ̀ máa sáré tẹ̀ lé gbogbo ìyípadà. Ní ọdún 1987, lẹ́yìn ikú Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ìjọba yí orúkọ Yunifásítì Ifẹ̀ padà sí Obafemi Awolowo University. Nígbà tí ìkànnì dé lẹ́yìn náà, oauife.edu.ng ni wọ́n mú, orúkọ tó gba tuntun àti àtijọ́ mọ́ra. Ẹni tó ń wá OAU rí i níbẹ̀, ẹni tó ń wá Ifẹ̀ náà rí i.

Ti Èkó yàtọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2012, Ààrẹ Goodluck Jonathan kéde pé Yunifásítì Èkó yóò máa jẹ́ Moshood Abiola University. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fárígá, orúkọ náà kò sì dúró. Unilag.edu.ng ló ṣì ń jẹ́ títí di òní. Ká ní wọ́n ti sáré pa àdírẹ́ẹ̀sì yẹn rẹ́ lọ́jọ́ kejì ìkéde, gbogbo líǹkì tí ayé ti kó jọ sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ì bá já dànù nítorí orúkọ tí kò pẹ́. Ẹnu lè yí orúkọ padà lọ́sàn-án kan. Àdírẹ́ẹ̀sì ń fẹ́ sùúrù.

Nílẹ̀ òkèèrè, BBC ní bbc.co.uk, ó sì ní bbc.com. Abala Yorùbá rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018, wà ní bbc.com/yoruba, bí ti Haúsá ṣe wà ní bbc.com/hausa, tí ti Ìgbò sì wà ní bbc.com/igbo. Èdè kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀ lábẹ́ òrùlé kan, kò sì sí èyí tí wọ́n ra dómáìnì ọ̀tọ̀ fún.

Wikipedia lédè Yorùbá gba ọ̀nà mìíràn. Yo.wikipedia.org ni ilé rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá fi fóònù wọlé máa ń bá ara rẹ̀ ní yo.m.wikipedia.org: àpilẹ̀kọ kan náà, àdírẹ́ẹ̀sì méjì. Ìlà canonical tó wà nínú ojú ewé ti fóònù ló ń sọ fún ẹ̀rọ pé yo.wikipedia.org ni olórí agbo. Bí ẹnìkan bá sì tẹ wikipedia.com, wikipedia.org ni yóò gbé e lọ. Orúkọ pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jọba kò pọ̀.

Bí a ṣe ń yan olórí agbo

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ẹ̀ka ICT. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ: àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ ni yóò jókòó, wọn yóò sì fẹnu kò sí dómáìnì kan. Ìmọ̀ràn wa ni pé kó jẹ́ .edu.ng. Kí wọ́n tún sọ bóyá www yóò wà níwájú rẹ̀ tàbí kò ní sí. Èyíkéyìí dára, bó bá ti jẹ́ ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ kejì ni ìdarí. Gbogbo orúkọ yòókù yóò máa darí àlejò sí èyí tí a yàn. Nọ́ńbà tí sáfà fi ń sọ pé ìdarí náà jẹ́ ti títí láé ni 301. 302 ń sọ pé fún ìgbà díẹ̀ ni. 301 ni kí a lò. Ojú ewé sí ojú ewé ni kí ìdarí náà jẹ́: ẹni tó tẹ àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ti àpilẹ̀kọ kan, àpilẹ̀kọ yẹn gan-an ni kó bá. Bí a bá kó gbogbo wọn lọ sí ojú ewé àkọ́kọ́, àlejò yóò sọnù, ẹ̀rọ náà á sì ka àpilẹ̀kọ yẹn sí ohun tí kò sí mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni ìlà canonical, fún ibi tí ìdarí kò bá ti ṣeé ṣe. Ní oṣù kejì ọdún 2009 ni Google, Yahoo àti Microsoft jọ fẹnu kò láti máa ka ìlà yìí. Nígbà tí ọdún yẹn ń parí lọ, Google gbà á láti dómáìnì kan sí òmíràn. Inú orí ojú ewé ni a ń kọ ọ́ sí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rel="canonical" àti àdírẹ́ẹ̀sì olórí agbo. Ìwé PDF, irú èyí tí a fi ń tẹ àwọn iṣẹ́ àpérò jáde, kò ní irú orí bẹ́ẹ̀. Sáfà ni yóò máa fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni pé kí gbogbo líǹkì inú ìkànnì, àti gbogbo ohun tó wà nínú sitemap, máa lo orúkọ tí a yàn. Bí a bá sì ń ṣí kúrò ní dómáìnì kan lọ sí òmíràn, Google Search Console ní ibi tí a ti lè fi tó Google létí pé a ti kó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún ni owó. Google dámọ̀ràn pé kí ìdarí wà fún ó kéré tán ọdún kan. Fún ilé ẹ̀kọ́, ọdún kan kò tó, nítorí ìwé tó tọ́ka sí wa kì í kú lẹ́yìn ọdún kan. A gbọ́dọ̀ máa san owó dómáìnì àtijọ́ lọ́dọọdún. Bí .com ilé ẹ̀kọ́ bá bọ́ nítorí àìsanwó, ẹlòmíràn lè rà á, gbogbo ẹ̀rí tí ayé ti jẹ́ nípa wa yóò sì di tirẹ̀.

Ọ̀fìn méjì wà lójú ọ̀nà yìí. Ọ̀kan ni robots.txt, ìwé kékeré tí Martijn Koster dábàá ní ọdún 1994 láti máa sọ ibi tí ẹ̀rọ arìnkiri kò gbọ́dọ̀ dé. Bí ẹnìkan bá fi robots.txt ti dómáìnì àtijọ́ pa, ó lè rò pé òun ti mú ẹ̀dà kúrò. Ohun tó ṣe ni pé ó ti ilẹ̀kùn mọ́ akọ̀wé náà, akọ̀wé kò sì lè wọlé ka ìwé tó sọ pé wọ́n ti kó lọ. Ọ̀fìn kejì ni ìwé ẹ̀rí https. Orúkọ àtijọ́ gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀ pẹ̀lú; bí kò bá ní, bùráúsà yóò kìlọ̀ fún àlejò pé ewu ń bẹ, yóò sì sá padà kí ìdarí tó ṣẹlẹ̀.

Èdè púpọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀dà

Àpérò onírúurú èdè bí irú èyí gbọ́dọ̀ kíyè sí ohun kan. Àpilẹ̀kọ kan tí a kọ ní Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ojú ewé kan tó ní orúkọ mẹ́rin. Ojú ewé mẹ́rin ni. Ìtẹ̀ka wọn yàtọ̀, ẹ̀rọ kì í sì kó wọn sí agbo kan.

Síbẹ̀ a lè fi ọwọ́ ara wa kó wọn sí i. Bí ẹni tó ń ṣe ìkànnì bá kọ ìlà canonical sínú ojú ewé Yorùbá, tó sì ní kó tọ́ka sí ti Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó ń sọ fún ẹ̀rọ ni pé ti Yorùbá jẹ́ ẹ̀dà lásán. Ẹ̀rọ lè gbà á gbọ́, kó sì yọ ti Yorùbá kúrò níwájú àwọn tó ń wá a. Ojú ewé èdè kọ̀ọ̀kan ni kó jẹ́ olórí ara rẹ̀. Ohun tó ń sọ pé wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan náà ni hreflang, tí Google ń lò láti ọdún 2011. Àmì èdè la fi ń kọ ọ́: yo fún Yorùbá, ha fún Haúsá, ig fún Ìgbò, en fún Gẹ̀ẹ́sì. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tọ́ka sí àwọn yòókù, kí àwọn yòókù sì tọ́ka padà sí i. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kò ní kà á sí.

Iṣẹ́ fún kíláàsì

Kò pọn dandan kí olùkọ́ mọ bí a ṣe ń tọ́jú sáfà kó tó lè fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́ni. Nínú kíláàsì NCE, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ site: sínú Google, kó fi dómáìnì ilé ẹ̀kọ́ kan tẹ̀ lé e láìfi àlàfo sáàárín, kó sì wo ohun tó jáde. Lẹ́yìn náà, kó mú gbólóhùn kan láti inú àpilẹ̀kọ kan lórí ìkànnì náà, kó fi àmì àyọlò sí i níwájú àti lẹ́yìn, kó wá a. Orúkọ mélòó ló jáde? Èwo ló ṣáájú? Ṣé orúkọ tí ilé ẹ̀kọ́ ń kọ sórí lẹ́tà rẹ̀ nìyẹn?

Ẹ̀kọ́ kejì jẹ́ ti ìtọ́kasí. Bí iṣẹ́ kan bá ní DOI, òun ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ sílẹ̀. DOI jẹ́ àmì tí a fún iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Bí ìkànnì bá kó lọ síbòmíràn, akéde rẹ̀ yóò ṣàtúnṣe ibi tí àmì náà ń tọ́ka sí. Bí kò bá sí DOI, kí ó kọ àdírẹ́ẹ̀sì tí ilé ẹ̀kọ́ yàn, kì í ṣe èyí tó kàn ṣèèṣì wà lójú bùráúsà rẹ̀. Olúkúlùkù ìtọ́kasí tó bá tọ́ jẹ́ ẹ̀rí kan sí i fún orúkọ kan ṣoṣo.

Ìkádìí

A ti rí i pé sáfà kan lè dáhùn sí orúkọ púpọ̀, pé ẹ̀rọ ìṣàwárí máa ń kó ẹ̀dà jọ, a sì yan olórí fún wọn, àti pé onílé ló yẹ kó fi àmì tó ṣe kedere sílẹ̀ kí yíyàn náà tó bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀rọ. Iṣẹ́ náà kò wọ́n. Ohun tó ń fẹ́ ni ìpinnu, àti ẹni kan tí yóò máa bójú tó o.

Nítorí náà, ẹ̀yin aṣojú, ìbéèrè mẹ́ta ni a fẹ́ kí ẹ gbé délé fún ẹ̀ka ICT ilé ẹ̀kọ́ yín. Dómáìnì mélòó la ní, èwo la sì yàn? Bí ènìyàn bá tẹ àwọn yòókù, ibo ni wọ́n ń gbé e lọ? Ọjọ́ wo ni owó ọ̀kọ̀ọ̀kan pé, ta sì ni yóò san án? Ilé ẹ̀kọ́ tó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìṣiyèméjì, iṣẹ́ àwọn olùkọ́ rẹ̀ kò ní sọnù, ọmọ tó ń wá a kò sì ní bọ́ sọ́wọ́ gbájú-ẹ̀.